Kí ló dé tí àwọn tó ti ń pa owó bébà tì tún ń ṣòfin láti dáàbò bò ó?

Sweden ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ owó bébà jáde nílẹ̀ Yúróòpù, lọ́dún 1661. Orílẹ̀-èdè yìí kan náà sì wà lára àwọn tó sáré pa á tì jù lónìí. Nínú ìwádìí tí Riksbank, báńkì àpapọ̀ wọn, máa ń ṣe, nǹkan bí ẹnì kan péré nínú mẹ́wàá ló ń sọ pé owó bébà lòun fi san ohun tóun rà kẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀bù. Káàdì ni àwọn yòókù ń lò, tàbí Swish, ètò ìfowóránṣẹ́ orí fóònù tí àwọn báńkì ibẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 2012. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ìjọba Sweden pín ìwé pélébé kan kiri ilé gbogbo ará ìlú, wọ́n to ohun tó yẹ kí oníkálukú ní nílé sínú rẹ̀ bí ogun tàbí àjálù bá dé. Omi wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀. Owó bébà náà wà níbẹ̀, èyí tí ìdílé lè ná fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán.

Kì í ṣe pé Sweden fẹ́ padà sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n rí ni pé owó bébà àti owó inú káàdì kì í ṣe nǹkan kan náà tó kàn wọ aṣọ méjì. Iṣẹ́ tí èkíní ń ṣe, èkejì ò lè ṣe gbogbo rẹ̀, ìyàtọ̀ náà kì í sì í hàn lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ ló ń hàn. Mo gbà pé òye ìyàtọ̀ yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo àríyànjiyàn tó ń lọ lórí bóyá ká pa owó bébà tì, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti di ìjà àgbà àti ọ̀dọ́, bí ẹni pé ẹni tó bá ṣì ń kó owó bébà sápò kàn ń ṣe agídí ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí káàdì bá kan ẹ̀rọ

Kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ láàárín ìgbà tí ènìyàn fi káàdì kan ẹ̀rọ POS àti ìgbà tí ẹ̀rọ náà dún, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ọ̀rọ̀ náà gbà kọjá pọ̀. Ṣíìpù kékeré ara káàdì á kọ́kọ́ ṣe kóòdù kan tí kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rọ á so kóòdù yìí mọ́ iye ọjà, á fi ránṣẹ́ sí báńkì tó ń bá ọlọ́jà gba owó. Báńkì yẹn á tì í sí ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ ara káàdì, bíi Visa tàbí Mastercard, àwọn yẹn á sì tì í dé báńkì tó fún oníbàárà ní káàdì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé owó wà nínú àkáǹtì? Ṣé wọn ò tíì ti káàdì yìí pa? Ṣé ìnáwó yìí jọ ìnáwó ẹni tó ni ín, àbí ó jọ ti olè? Báńkì á dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdáhùn náà á sì gba ọ̀nà tí ìbéèrè gbà wá padà sójú ẹ̀rọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ ni pé nígbà tí ẹ̀rọ bá dún yẹn, owó ò tíì dé ọwọ́ ọlọ́jà. Àṣẹ ni báńkì fọwọ́ sí, pé owó náà yóò wá. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni àwọn báńkì máa bá ara wọn ṣírò, ó sì lè di ọjọ́ kejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí owó tó wọ àkáǹtì ẹni tó tajà. Àwọn ètò tíráńsífà ojú ẹsẹ̀ ti gé àkókò yẹn kúrú gan-an. UPI ti Íńdíà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, àti Pix ti Brazil, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ń gbé owó láti àkáǹtì dé àkáǹtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá, tọ̀sán tòru, títí kan ọjọ́ ìsinmi. Síbẹ̀, báńkì méjì àti ẹ̀rọ tó so wọ́n pọ̀ ṣì wà láàárín.

Ibẹ̀ ni ìjà "wọ́n ti yọ owó lọ́dọ̀ mi" àti "kò tíì wọlé sọ́dọ̀ mi" ti ń bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà gbé fóònù rẹ̀ sókè, alẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ gbangba, pẹ̀lú iye owó àti àkókò. Ọlọ́jà gbé tirẹ̀ náà sókè, kò rí nǹkan kan. Ọjà ti wà nínú àpò, èrò ń tò lẹ́yìn, ohùn ti ń ga. Kò sí èyí tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ìdajì iṣẹ́ ló ti parí, ìdajì yòókù há sójú ọ̀nà, àwọn méjì tí wọ́n sì dojú kọ ara wọn yìí ò ní agbára kankan lórí ibi tó há sí. Kí ènìyàn tó san owó lẹ́ẹ̀kejì nírú àkókò bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ tọ́jú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìsanwó náà àti àkókò rẹ̀, nítorí òun ni báńkì máa fi wá owó náà rí.

Owó bébà ò ní gbogbo ìrìn yìí. Mo nà án sí ọ, o kà á, o kó o sápò: ọ̀rọ̀ ti parí. A ò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kẹta, kò sì sí báńkì tó lè ní kí o dá a padà lọ́la. Ẹni tó ń fi káàdì sanwó dà bí ẹni tó ń ránṣẹ́ sílé lọ béèrè bóyá kí òun ra ọjà. Bí ìránṣẹ́ bá yára, kò ní mọ̀ pé òun ń dúró rárá. Bí ìránṣẹ́ ò bá wá dé ńkọ́?

Ọjọ́ tí ìránṣẹ́ ò dé

Ó ti ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ ti dára jù lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2018, ìgbà tí ohun èlò kan ní ibùdó kọ̀ǹpútà Visa ní UK bàjẹ́, tí kò sì bàjẹ́ pátápátá kí èyí tó wà fún ìrọ́pò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mílíọ̀nù 5.2 ìsanwó ló kùnà káàkiri Yúróòpù. Owó wà nínú àkáǹtì àwọn ènìyàn, káàdì wọn ò bàjẹ́, wọn ò kàn lè rà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2022, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Rogers, ilé iṣẹ́ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Kánádà, kú, ètò Interac tí káàdì báńkì ibẹ̀ ń gbà sì kú pẹ̀lú rẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ìgbà tí iná ọba lọ ní Sípéènì àti Pọ́túgà ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ POS àti ẹ̀rọ ATM dákẹ́, ẹni tó ní owó bébà lápò ló rí nǹkan rà ní àwọn ibi tí wọ́n ṣì ṣílẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìjì líle Maria tó jà ní Puerto Rico lọ́dún 2017, bàálù ni wọ́n fi ń kó owó bébà lọ sí erékùṣù náà, nítorí kò sí iná, kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, àwọn ènìyàn sì ní láti jẹun.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró sórí àwọn àpẹẹrẹ yìí nìkan kò sọ òdodo tán, torí owó bébà náà máa ń kùnà. Ọwọ́ ìjọba àti báńkì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ gbèsè Gíríìsì le lọ́dún 2015, wọ́n ti àwọn báńkì pa, ẹnikẹ́ni ò sì lè gbà ju 60 yúrò lọ lójúmọ́ lẹ́nu ATM. Káàdì ló gba àwọn ará ibẹ̀ nígbà náà, nítorí wọn ò fi òté lé ìsanwó káàdì láàárín orílẹ̀-èdè.

Ti Íńdíà le jùyẹn lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2016, Narendra Modi, olórí ìjọba, kéde pé owó bébà rúpì 500 àti rúpì 1,000 ò ní jẹ́ níná mọ́ láti òru ọjọ́ náà. Irú bébà méjì yìí ló kó nǹkan bí ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún iye owó bébà tó wà níta. Ìjọba ní àwọn ń lé owó dúdú jáde ni, ìyẹn owó tí àwọn kan fi pa mọ́ fún ìjọba, tí wọn ò ní lè gbé wá sí báńkì. Ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ òòjọ́, tí kò ní àkáǹtì, ló jẹ ìyà rẹ̀ jù, pẹ̀lú ìlà gígùn níwájú báńkì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí báńkì àpapọ̀ ka owó náà tán, ó lé ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún tó padà wọlé, èyí tó fi hàn pé owó dúdú tí wọ́n ń retí pé kó ṣègbé kò ṣègbé. UPI gbilẹ̀ lẹ́yìn náà títí ó fi di ohun tí gbogbo ayé ń wò. Síbẹ̀, owó bébà tó wà lọ́wọ́ àwọn ará Íńdíà tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láàárín ọdún díẹ̀.

Nàìjíríà náà tọ́ nínú rẹ̀ wò. Wọ́n kéde ìyípadà owó náírà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Nígbà tí owó bébà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí gbogbo ènìyàn rọ́ lọ sórí tíráńsífà lẹ́ẹ̀kan náà, ètò àwọn báńkì há. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló dá sí i ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ó ní kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ti orílẹ̀-èdè méjèèjì ò yàtọ̀: ìwà ìkà ni kí ìjọba yọ ọ̀nà kan kúrò lọ́wọ́ ará ìlú kó tó dá a lójú pé ọ̀nà kejì gba gbogbo èrò. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò.

Ta ló ń san owó ìrọ̀rùn yìí?

Ẹni tó ń fi káàdì rajà sábà máa ń rò pé ọ̀fẹ́ ni. Ọlọ́jà ló ń sanwó rẹ̀. Nínú gbogbo owó tí káàdì bá san, báńkì oníkáàdì á yọ díẹ̀, ilé iṣẹ́ orúkọ ara káàdì á yọ díẹ̀, báńkì ọlọ́jà náà á mú tirẹ̀. Láti ọdún 2015, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi gbèdéke lé èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ báńkì oníkáàdì: ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún fún káàdì tó ń yọ owó inú àkáǹtì, ìdá 0.3 fún káàdì àwìn. Níbi tí kò ti sí irú gbèdéke bẹ́ẹ̀, bíi káàdì àwìn ní Amẹ́ríkà, ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń yọ ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún àwọn oníkáàdì wọn. Ọlọ́jà ò ní fi ẹran ara rẹ̀ dí i, iye ọjà ló máa fi kún. Nítorí náà, ẹni tó mú owó bébà wá, tí kò ní káàdì rárá, ń bá olówó tó ní káàdì alẹ́bùn dá owó ẹ̀bùn yẹn. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló ń bí mi nínú jù.

Owó bébà náà ní ìnáwó tirẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kà á, kó tún un kà, kó wá ṣéńjì, kó gbé e lọ sí báńkì, kó máa bẹ̀rù olè lójú ọ̀nà. Ní Sweden, ìdigunjalè ní báńkì wálẹ̀ láti 110 lọ́dún 2008 sí 16 lọ́dún 2011, bí owó bébà ṣe ń kúrò ní báńkì. Àwọn ọlọ́ṣà ò ronú pìwà dà o, púpọ̀ ti kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀tàn gba nọ́ńbà àṣírí lẹ́nu àwọn arúgbó.

Oore tí owó orí fóònù ṣe, kò yẹ ká fi pa mọ́. M-Pesa bẹ̀rẹ̀ ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2007, lórí fóònù tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, fún àwọn tí báńkì ò kà sí. Tavneet Suri àti William Jack, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, tẹ ìwádìí wọn jáde lọ́dún 2016, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó ti gbé nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìdílé Kẹ́ńyà kúrò nínú ìṣẹ́, pàápàá àwọn ilé tí obìnrin jẹ́ olórí wọn. Ìgbà tí àìsàn tàbí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ẹbí tó wà lọ́nà jíjìn lè fi owó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Owó bébà tí wọ́n fi rán awakọ̀ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn báńkì kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀: ó máa ń yá wa lára láti náwó tí a kò bá rí owó tí à ń ná. Drazen Prelec àti Duncan Simester ṣe ìdánwò kan ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2001. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá iye tí wọ́n lè san fún tíkẹ́ẹ̀tì eré ìdárayá. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé owó lọ́wọ́ ni wọn yóò san, wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé káàdì àwìn ni. Iye tí àwọn oníkáàdì dá ju ìlọ́po méjì ti àwọn kejì lọ. Bébà tó ń tán lápò ń kìlọ̀ fún ojú àti ọwọ́. Iye tó ń dín kù nínú fóònù, àfi kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ lọ wò ó.

Àwọn tí ẹ̀rọ ò rí

Báńkì àgbáyé kà á nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2025 pé nǹkan bí bílíọ̀nù 1.3 àgbàlagbà láyé ni kò ní àkáǹtì kankan, ní báńkì tàbí lórí fóònù. Wọ́n máa ń ka iye yìí bí ẹni pé ọ̀nà jíjìn nìkan ni irú wọn wà. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù tó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀kùn pé káàdì nìkan lòun ń gbà, ó ti lé ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́, àlejò tí báńkì ò tíì fún ní àkáǹtì, àti arúgbó tí ìka rẹ̀ ń gbọ̀n lójú fóònù.

Ẹ wo afọ́jú. Owó yúrò ní ìlà tó yọ sókè létí rẹ̀, títóbi bébà kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀, kí ọwọ́ lè dá a mọ̀. Ẹ̀rọ POS tó ní bọ́tìnnì náà ní kókó kékeré kan lórí 5, èyí tí afọ́jú fi ń mọ ibi tí ìyókù wà. Ẹ̀rọ tuntun tí ojú rẹ̀ jẹ́ díńgí gbalasa ti pa kókó yẹn rẹ́. Bí wọn ò bá ṣe ohùn tàbí ọ̀nà mìíràn sí i, afọ́jú tó fẹ́ tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ á ní láti sọ ọ́ fún ẹlòmíì kó bá òun tẹ̀ ẹ́. Àgbàlagbà tó ti ń dá ná owó rẹ̀ láti ogójì ọdún wá di ẹni tí wọ́n ń bá náwó, nítorí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ò rántí rẹ̀.

Obìnrin tí ọkọ ń lù, tí ọkọ sì ń rí gbogbo ohun tó bá jáde nínú àkáǹtì wọn, nílò owó tí alẹ́ẹ̀tì ò ní tẹ̀ lé kó tó lè wọ mọ́tò kúrò nílé. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí kò níwà ọ̀daràn kò ní ohun tó ń fi pa mọ́. Kí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ronú kan irú obìnrin yìí.

Ìdajì òfin

Àwọn orílẹ̀-èdè ti ń dáhùn báyìí, ṣùgbọ́n apá kan ni púpọ̀ nínú wọn dì mú. Kí owó bébà tó lè wúlò, ó gbọ́dọ̀ rí ibi tí ènìyàn ti máa gbà á, ibi tó ti máa ná an, àti ibi tí ọlọ́jà máa kó o lọ lálẹ́. Sweden mú àwọn báńkì ńlá ní dandan pé ibi ìgbowó ò gbọ́dọ̀ ju kìlómítà 25 lọ sí ẹnikẹ́ni, àfi ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìlú. Síbẹ̀ òfin yẹn ò mú ṣọ́ọ̀bù pé kó gba owó náà. Norway gba ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́jà lọ: láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, òfin wọn túbọ̀ fún oníbàárà lágbára láti fi owó bébà sanwó ní ṣọ́ọ̀bù. Ní UK, àwọn báńkì ní láti máa wádìí ibi tí owó bébà ti ń ṣòro gbà, kí wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí i, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, àmọ́ kò sí òfin tó mú ọlọ́jà pé kó gbà á. Slovakia kọ ẹ̀tọ́ owó bébà sínú òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2023. Ní ìlú New York, láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ń bu owó ìtanràn fún ilé ìtajà tó bá kọ owó bébà.

Apá kẹta, ibi tí ọlọ́jà máa kó owó rẹ̀ lọ, ni wọ́n ń gbàgbé jù. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ò kórìíra owó bébà; báńkì tó wà nítòsí wọn ló kógbá sílé, wọn ò sì lè fi wákàtí méjì wakọ̀ lọ fi owó pamọ́ lójoojúmọ́. Ìjọba Australia kéde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 pé òun máa mú àwọn tó ń ta ohun kòṣeémánìí ní dandan láti gba owó bébà, wọ́n sì ní àwọn máa yọ àwọn oníṣòwò kékeré tó bá yẹ sílẹ̀. Àánú wà nínú ìyọsílẹ̀ yẹn, nítorí ìnáwó owó bébà wúwo lórí oníṣòwò kékeré. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú tó jìnnà, níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀, ṣọ́ọ̀bù kékeré yẹn lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tó wà. Òfin tó bá yọ ọ́ sílẹ̀, tí kò sì gbé ibi ìfowópamọ́ sún mọ́ ọn, ti fi ìlú yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú káàdì nìkan.